Ọdún Omi Àwọn Ará Khmer: Odò Ló Ni Ín, Kì í Ṣe Ogun

Ẹni tó béèrè ohun tí ọdún omi àwọn ará Khmer ní Kàmbódíà dúró fún ti gba ìdáhùn kan ṣáájú tèmi, pé ìrántí ogun tí ọba Jayavarman Keje fi ọkọ̀ ojú omi bá àwọn Cham, aládùúgbò wọn ní ìlà-oòrùn, jà ni, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàyé yìí bí mi nínú, nítorí ẹ̀ka ni ó dì mú, ó fi gbòǹgbò sílẹ̀. Lóòótọ́ ni ọba náà, tó gorí ìtẹ́ ní 1181, ṣẹ́gun àwọn Cham, àwòrán ogun orí omi náà sì wà lára ògiri tẹ́ḿpìlì Bayon ní Angkor, olú ìlú àtijọ́ àwọn Khmer, títí di òní. Ṣùgbọ́n ta ló ti gbọ́ pé ọjọ́ ogun ni wọ́n fi ń ṣọdún náà?

Òṣùpá àti odò ni wọ́n ń wò. Nígbà òjò, odò Mekong a máa kún débi pé yóò ti omi odò Tonle Sap padà sẹ́yìn, tí odò náà yóò máa ṣàn wọ inú adágún ńlá tó wà láàárín orílẹ̀-èdè náà, tí adágún ọ̀hún yóò sì fẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Nínú igbó tí omi bò yìí ni ẹja ti ń bí sí i. Bí òjò bá dá, odò a tún kọjú sí òkun, a sì fi ẹja àti ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ fún àwọn tó nílò wọn. Ìgbà náà, lábẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kọkànlá, ni wọ́n ń fi ọjọ́ mẹ́ta wa ọkọ̀ ìdíje níwájú ààfin ní Phnom Penh, olú ìlú òde òní, tí wọ́n ń júbà òṣùpá, tí wọ́n sì ń jẹ ambok, ìrẹsì tuntun tí wọ́n yan tí wọ́n sì gún pẹlẹbẹ, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn. Oúnjẹ ìkórè gan-an nìyẹn.

Omi yìí kan náà ló gbé Angkor ró. Adágún àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkànlá gùn tó kìlómítà 8. Nígbà tí ọ̀dá àti àgbàrá sì ba irú iṣẹ́ omi bẹ́ẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn náà, agbára ìlú náà yẹ̀, kí ogun Ayutthaya, ìjọba àtijọ́ kan ní ibi tó di Thailand lónìí, tó kó o ní 1431.

Ó dùn mí pé ìdíje ọkọ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ lónìí. Láàárín 1975 sí 1979, Khmer Rouge, ẹgbẹ́ kọ́múníìsì tó ń ṣàkóso Kàmbódíà nígbà náà, pa ọ̀pọ̀ àwọn àgbà àti àwọn mọ́ńkì tí ìbá fi ìtàn yìí lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣì ń bá mi jiyàn, kí ó ṣàlàyé ìdí tí ìjọba Kàmbódíà fi fagi lé ọdún náà ní 2015, nígbà tí ọ̀dá mú kí omi odò fà sẹ́yìn.