Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́lẹ̀ yẹn

Àbúrò mi, ẹ kú oríire ilé tuntun. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ilé Victorian, tí wọ́n kọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, ní Plumstead ní London, tó fara ti ilé ẹlòmíràn lọ́tùn-ún lósì. Ẹ fẹ́ wó ògiri tó pín pálọ̀ iwájú àti pálọ̀ ẹ̀yìn níyà, ẹ sì fẹ́ fa kíṣìnnì sẹ́yìn ní mítà 3 kí àlejò lè rí ibi jókòó sí. Ayàwòrán ilé yín ní ẹ ò nílò àṣẹ káńsù. Ẹ wá ń béèrè bóyá ó yẹ kí ẹ wó ògiri yẹn, àti bóyá ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, kí gbogbo rẹ̀ ti parí kí Màmá tó pé ọmọ 70 ọdún nínú oṣù Kejìlá.

Ayàwòrán yín ò purọ́. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Tèmi náà ò purọ́. Ó dáhùn ohun tí mo bi í, ó gba owó rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Peckham ni mò ń gbé. Nínú ọdún 2018, ìyàwó mi lóyún àbígbẹ̀yìn wa, mo sì ti fọwọ́ sọ̀yà pé a ò ní sọ ọmọ yẹn lórúkọ nínú họ́ọ̀lù tí a háyà bíi ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú ilé bàbá rẹ̀ la ó ti sọ ọ́ lórúkọ. Mo ti ń fojú inú wò ó: àwọn àgbà nínú àga, ìkòkò ńlá mẹ́ta lórí iná, kò ní sí ẹni tó máa jókòó sórí àtẹ̀gùn gbé abọ́ sórí itan. Mítà 3 lèmi náà fẹ́ fi kún ẹ̀yìn ilé, torí bí ẹ ò bá kọjá ìyẹn, tí gíga rẹ̀ ò sì ju òdiwọ̀n lọ, òfin gbà á láìsí planning, ìyẹn àṣẹ káńsù láti kọ́lé. Ẹnì kan nínú ìjọ wa júwe bírìkìlà fún mi, èèyàn ọlọ́yàyà, ó ní òun á parí rẹ̀ kí ọmọ tó dé.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n dé. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán Ọjọ́rú, kòtò ìpìlẹ̀ ti mu ọmọ iṣẹ́ dé ìbàdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìyá òyìnbó tó ń gbé lápá òsì wa gẹ́lẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án lèmi àti ìyá yìí ti ń kí ara wa. Èmi ni mo máa ń bá a ti garawa ìdọ̀tí rẹ̀ síta. Mo rò pé bí ariwo bá pọ̀ jù, á kanlẹ̀kùn. Kò kanlẹ̀kùn. Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà lọ́yà rẹ̀ wọlé: ká dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn á lọ gba àṣẹ ilé ẹjọ́.

Òfin kan wà tó ń jẹ́ Party Wall Act, òfin ògiri tí ilé méjì jọ ní. Ọdún 1996 ni wọ́n ṣe é, oṣù Keje 1997 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò bá planning tan rárá. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́lẹ̀ láàárín mítà 3 sí ilé aládùúgbò, tí kòtò yín á sì jìn ju ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé sí i ní ó kéré tán oṣù kan ṣáájú. Ìpìlẹ̀ àwọn ilé yìí ò sì jìn. Láyé ìgbà Victoria, ìlà bíríkì mélòó kan tí wọ́n tẹ́ fẹ̀ sórí amọ̀ ni, wọ́n á wá mọ ògiri lé e. Lóde òní, wọn kì í sábà gbà kí ìpìlẹ̀ inú amọ̀ London dín ní mítà 1, bí igi ńlá bá sì wà nítòsí, ó tún lè jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ó ṣòro kí ẹ gbẹ́ ẹ kí ẹ má kọjá ìsàlẹ̀ ilé ẹlòmíràn.

Bí aládùúgbò bá fọwọ́ sí ìwé náà, ó tán, kò sí surveyor (ẹni tó máa yẹ ilé wò, tó máa là yín níjà), kò sí owó. Bí ó bá dákẹ́ fún ọjọ́ 14, òfin kà á sí pé ẹ̀yin méjèèjì ò gbọ́ ara yín yé. Nígbà náà ni surveyor máa wọ̀ ọ́. Ẹ lè jọ lo ẹyọ kan, owó rẹ̀ á sì mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ti gbẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ bí olè, ẹ rò pé á gbà ká jọ lo ẹyọ kan? Ó mú tirẹ̀, èmi náà mú tèmi, èmi ni mo sì san owó àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: èmi ni mo sanwó fún ẹni tó ń bá mi jà. Wákàtí-wákàtí ni tirẹ̀ fi ń gbowó. Ó kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta láti béèrè ohun tí à bá fi tẹlifóònù parí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó lọ yẹ ilé ìyá náà wò, ó ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti sán, títí kan èyí tó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí mi. Èyí dára ṣá, torí fọ́tò yẹn ló gbà mí nígbà tó yá.

Mo pe káńsù. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n kọ̀wé sí ẹ̀ka kejì. Ẹ̀ka kejì ní kí n padà sí ti àkọ́kọ́. Ẹni kẹta ló wá sọ ọ́ pé òfin yìí ò kan àwọn, àárín èmi àti aládùúgbò ni. Ẹni tó lè sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kìíní wà níbẹ̀ gbogbo ìgbà yẹn, tíì ló ń mu.

Kòtò yẹn wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Òjò oṣù Kẹwàá rọ̀ sí i, ti Kọkànlá rọ̀ sí i. Amọ̀ London, bó bá mumi, á wú, bó bá gbẹ, á súnkì. Lálẹ́ ọjọ́ kan a gbọ́ ‘wọ̀ọ̀’, ẹ̀gbẹ́ kòtò ya, ó wọ́ ọgbà ìyá náà lulẹ̀. Mo dúró lójú fèrèsé tòun ti tọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi ń wò mí láì sọ nǹkan kan. Bírìkìlà ọlọ́yàyà ti lọ gba iṣẹ́ ẹlòmíràn. Bí mo bá pè é, a máa ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìwé yín lẹ ń dúró dè, kì í ṣe èmi.” Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ̀ pé ìwé wà, kò sì yanu.

Ìyá òyìnbó yẹn kò ṣe mí ní ibi kankan. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ gbólóhùn yẹn. Bí mo bá ti gbé kéèkì lọ bá a nínú oṣù Karùn-ún, kí n fi àwòrán ilé hàn án, kí n sì fún un ní ìwé, bóyá ó máa fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ tiyín. Ẹ lè máa rò pé ògiri àárín pálọ̀ méjì, inú ilé yín ló wà, ta ni yóò dá yín lẹ́kun? Nínú ọ̀pọ̀ ilé yìí, ògiri àárín yẹn ló gbé àwọn igi yàrá òkè ró. Bí ẹ bá wó o, irin gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní RSJ ló máa rọ́pò rẹ̀. Ibo ni orí irin náà máa jókòó sí? Inú ògiri tí ẹ̀yin àti aládùúgbò jọ ní ni. Ìyẹn ń fẹ́ ìwé tirẹ̀, oṣù méjì ṣáájú, sí ọ̀tún àti sí òsì bí irin bá wọ ògiri méjèèjì. Bákan náà ni bí ẹ bá fẹ́ gé ihò èéfín kúrò kí àyè lè fẹ̀. Ìwé náà ṣeé lò fún ọdún kan, nítorí náà ẹ lè fi ránṣẹ́ nísinsìnyí kí ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀.

Páìpù ẹ̀gbin ńkọ́? Ẹ ti wo ẹ̀yìn kíṣìnnì yín dáadáa? Bí ẹ bá rí ìdérí irin onígun mẹ́rin nílẹ̀, ẹ dúró. Ọ̀pọ̀ ilé onílà yìí, páìpù kan ló gba ẹ̀yìn gbogbo wọn kọjá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, èyí tí ilé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá jọ ń lò ti di ti ilé iṣẹ́ omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ yín ló wà. Ẹ ò lè kọ́lé lé e tàbí sún mọ́ ọn ju mítà 3 lọ láìgba àṣẹ wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ surveyor tán lèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí. Ìdérí yẹn bọ́ sí àárín gbùngbùn ibi tí mo fẹ́ gbé tábìlì oúnjẹ sí. Ẹ wá ẹni tó ní kámẹ́rà páìpù kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni mìíràn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo ná.

Àwọn yòókù ẹ mọ̀ ọ́n: ẹnjiníà tó máa ṣírò irin, building control (àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n kọ́ ọ dáadáa) tó yàtọ̀ sí planning, ìwé ìparí iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ìwé àdéhùn, kí ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìbánigbófò. Kí ẹ má sì sanwó ṣáájú iṣẹ́. Ẹ gba certificate lọ́wọ́ káńsù pé ohun tẹ́ ẹ kọ́ bófin mu, ẹni tó máa ra ilé lọ́la á béèrè rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ flat ni wọ́n ti sọ ilé yín dà tẹ́lẹ̀, ẹ̀tọ́ mítà 3 yẹn kò sí o. Bírìkìlà tó bá dá iye fún yín, ẹ bi í bóyá VAT, owó orí ọjà, wà nínú rẹ̀. 20 nínú 100 kì í ṣe owó kékeré.

Ó tún ku àwọn onímọ̀ ọ̀rinrin. Èyí tó wá sílé mi gún ògiri pẹ̀lú ẹ̀rọ onírin méjì, ó mi orí bíi dókítà, ó ní ká fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo ìsàlẹ̀ ilé lóògùn. Ògiri bíríkì tí kò ní àlàfo nínú ni, a fẹ́ kí ó máa mí. Ohun tó ń ṣe é ni pé onílé àtijọ́ da kọnkéré síta títí ó fi bo bíríkì oníhò tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba abẹ́ pákó ilẹ̀. Mo gbẹ́ kọnkéré yẹn kúrò fúnra mi. Ẹ̀yin náà ẹ ṣọ́ra: extension, ìyẹn àfikún ilé, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kọnkéré máa dí bíríkì oníhò ẹ̀yìn ilé pa, àfi bí wọ́n bá ti páìpù atẹ́gùn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bírìkìlà tèmi fẹ́ fò ó. Bí pákó bá jẹrà, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí àwọn àlejò bá ń jó lórí rẹ̀.

Ṣé kí ẹ wó ògiri pálọ̀? Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé ẹ bi mí níyẹn náà. Èmi wó tèmi, mo sì kábàámọ̀. Bí àlejò bá dé, àwọn àgbà fẹ́ jókòó síbi tí wọ́n ti lè gbọ́ ara wọn, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ orin. Bí wọ́n bá ń din ẹran lẹ́yìn, gèlè àwọn tó wà níwájú á máa rùn ẹran. Láyé àtijọ́, ilẹ̀kùn alápá méjì tó fẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé yìí ní láàárín pálọ̀. Bí mo bá tún un ṣe, òun ni màá ṣe, mà á ṣí i nígbà ayẹyẹ, mà á tì í nígbà tí àwọn àgbà bá fẹ́ gbọ́ ara wọn. Owó tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fi ṣe tọ́ìlẹ́ẹ̀tì sísàlẹ̀, kí Màmá má máa gun àtẹ̀gùn gíga yẹn tòun ti orúnkún. Ẹ ra fáànù tó ń fa èéfín síta, kì í ṣe èyí tó ń fà á yípo. Kí ẹ sì rántí pé bíríkì tí kò ju íńṣì 9 lọ ló là yín kúrò lára aládùúgbò. Bí aago mọ́kànlá alẹ́ bá lù, ẹ gbé gángan síbi kan.

Ọmọ wa dé nínú oṣù Kìíní 2019. Kò sí kíṣìnnì. Nínú flat ọ̀rẹ́ wa kan ní Camberwell la ti se ìrẹsì, inú ibi ìwẹ̀ wa la ti fọ abọ́ fún odidi oṣù márùn-ún. Họ́ọ̀lù kan náà tí mo ti búra pé n ò ní padà sí la ti sọ ọ́ lórúkọ.

Nítorí náà, oṣù Kẹjọ ò ṣeé ṣe. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí aládùúgbò méjèèjì lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú nǹkan dání. Ẹ fi iṣẹ́ gbígbẹ́lẹ̀ sí ìgbà ìrúwé. Ti Màmá, ẹ lọ san owó họ́ọ̀lù báyìí, kí àwọn ọjọ́ Sátidé inú oṣù Kejìlá tó tán.