Èsì: Ẹ́ńjìnì reluwé kékeré tòkunbọ̀ ní gbàǹjo

Ọ̀kun o, àbúrò. O ní o rí ẹ́ńjìnì reluwé kékeré tòkunbọ̀ kan tí ilé-iṣẹ́ Hornby ṣe, ní gbàǹjo orí eBay, ọjà orí ayélujára, o sì ń bèèrè bóyá kí o dá iye lé e láti Kàbà níbí. Jọ̀ọ́, má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ̀wé sí ẹni tó ń tà á, kí ó fi fídíò hàn ọ́ bí ó ṣe ń rìn síwájú àti sẹ́yìn. Àwòrán kò lè sọ fún ọ bóyá mọ́tò rẹ̀ ti kú. Èyí tí wọ́n bá kọ sí i pé àwọn ò tíì dán an wò, iye ohun tó ti bàjẹ́ ni kí o san lórí rẹ̀.

Wo ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú: OO, HO àti N ni orúkọ ìwọ̀n reluwé kékeré. OO àti HO jọ ń rìn lórí irin méjì tí àlàfo àárín wọn jẹ́ mílímítà 16.5, ti N jẹ́ 9 péré, kò lè gun irin rẹ bí tìrẹ bá jẹ́ ti OO tàbí HO.

Owó ìfiránṣẹ́ gan-an ló ń dunni. Èmi ra wágùnnù méjì, owó tí mo fi gbé wọn wálé ju owó ọjà lọ! Látìgbà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní London ni mo ń ní kí wọ́n kó o sí, òun á kó o bọ̀ nígbà Kérésì.