Èsì: Owó orí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé owó orí tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn lóòótọ́. Ó ń dé ibẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n gbé e lé ni kí ẹ wò.

Ìbò ni àwọn ará ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fi gbé tiwọn lé sìgá lọ́dún 1998, sẹ́ńtì 50 lórí páálí kan. Bí àwọn èèyàn ṣe wá ń jáwọ́ nínú sìgá, bẹ́ẹ̀ ni owó náà ń fà sẹ́yìn. Àbí ta ló máa gbàdúrà kí amusìgá pọ̀ sí i nítorí jẹ́lé-ó-sinmi?

Ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà kan náà, mú ẹlẹ́rìndòdò ní tiwọn, láti January 2017: sẹ́ńtì kan ààbọ̀ lórí áúnsì kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ìgò onílítà méjì, owó orí rẹ̀ nìkan fi díẹ̀ lé ní dọ́là kan! Ẹlòmíì á kúkú wa mọ́tò kọjá ààlà ìlú lọ ra tirẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ń tibẹ̀ rí jẹ́lé-ó-sinmi lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èmi fara mọ́ ti ìlú San Antonio ní Texas jù, owó orí ọjà: ìdá kan nínú mẹ́jọ sẹ́ńtì lórí dọ́là kan. Ọjọ́ wo lèèyàn ò ní ra nǹkan? Wọ́n dìbò fún un lọ́dún 2012, wọ́n tún tún un dì lọ́dún 2020.