Ọ̀rọ̀ agbàsọ lédè Gẹ̀ẹ́sì: ìdáhùn sí ìyá kan ní Manchester

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, dé láti Ìbàdàn ní ọdún tó kọjá. Olùkọ́ rẹ̀ ní kò mọ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ agbàsọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní kí a dín Yorùbá kù nílé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dín Yorùbá kù. Ọmọ yín ti mọ bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ sọ. Ìlànà tí Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé ni kò tíì mọ́ ọn lára.

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin wà ní ọjọ́ orí yẹn, fèrèsé kan fọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ mìíràn ni ọ̀rẹ́ náà sọ pé ó fọ́ ọ. Èrò Yorùbá ni ọmọ mi fi kọ̀wé, "Ó ní ó fọ́ fèrèsé náà," èyí tí ó di "He said he broke the window" lórí ìwé. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ti Yorùbá yẹn nínú wa tí yóò ṣì í gbọ́, torí bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ náà gan-an ni, "Ó ní òun fọ́ ọ" ni à bá gbọ́. Ṣùgbọ́n "he" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún "ó" àti "òun," olùkọ́ sì kà á sí pé ọ̀rẹ́ náà jẹ́wọ́. Wọ́n fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Mo lọ ṣàlàyé, wọ́n ní ohun tí ó wà lórí ìwé ni àwọn rí. Ọ̀rẹ́ náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọmọ mi ti dàgbà báyìí, síbẹ̀ bí a bá bi í ní ohun tí ẹnìkan sọ, èsì rẹ̀ ni pé òun kò gbọ́. Èyí ni ó ṣì ń kọ mí lóminú.

Nítorí náà, ibi ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: níbikíbi tí Yorùbá bá ti ní "ó" dípò "òun," kí ó kọ orúkọ onítọ̀hún. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kan àsìkò. "Ó ní òun ń bọ̀" kò yí padà nínú Yorùbá, ìbáà jẹ́ lánàá ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì, "I am coming" di "She said she was coming." Bí ó bá jẹ́ ìbéèrè, "She asked where I was going" ni kí ó kọ, kì í ṣe "where was I going." Ti àṣẹ kò le, nítorí pé "ní kí" wa bá "told me to" mu. Olùkọ́ lè parí ìyókù kí ìdánwò gírámà oṣù Karùn-ún ti Year 6, kíláàsì tó kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, tó dé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a ń sọ nílé. Ẹ má dá wa lẹ́bi jù. Òbí tí wọ́n bá ti pè bẹ́ẹ̀ rí yóò wá ohunkóhun tí yóò fi dáàbò bo ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò ọmọ mi ọkùnrin náà, tí a bí síbí, sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé, "Ọ̀rẹ́ mi ní ó ń bọ̀ wá kí wa." Ìyá mi ní, "Ta ni ó ń bọ̀?" Ọmọ náà dákẹ́, ó sì gbé fóònù fún mi.

Bí wọ́n bá ní kí ọmọ yín kọ ẹjọ́ kankan sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ bẹ olùkọ́ kí ó kà á pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì bi í pé ta ni "he" kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbẹ̀.