Ṣé ara bàbá Bọ́lá ti yá lóòótọ́?

Ìbéèrè: Bàbá Bọ́lá ṣubú lórí ọ̀kadà ní Ọlá-Ìyá, l'Óṣogbo níbí, wọ́n fi orí gbálẹ̀. Dókítà ní ara wọn ti yá. Àmọ́ wọ́n á ki aṣọ àdìrẹ kan náà bọ ìkòkò aró lẹ́ẹ̀mẹrin, wọn ò rántí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á jágbe mọ́ mi. Ṣé ara yíyá nìyí?
Ìyá Bọ́lá

Ìdáhùn: Ìyá Bọ́lá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ojú ọgbẹ́ lè jinná kí ayé má tíì rọrùn. Ìwé ìbéèrè kan wà, QOLIBRI, ìbéèrè 37, fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara gbọgbẹ́. Ẹni náà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ bí ìrántí, iṣẹ́ òòjọ́ àti àárín òun pẹ̀lú ẹbí ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn sí, àti bí ìbínú tàbí ara ríro ṣe ń yọ ọ́ lẹ́nu tó. Òdo sí 100 ni máàkì rẹ̀. Bó bá ṣe ga tó ló dára tó. Ẹ má bá wọn dáhùn o (mo mọ̀ yín!). Ẹ sọ ti ìkòkò aró yẹn fún dókítà, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi.