Èsì: Kí ló ń fa èrò sídìí ìwé òkú àwọn ará Íjíbítì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ló ń fa èrò sídìí ìwé òkú àwọn ará Íjíbítì, ìyẹn ìwé ọfọ̀ tí wọ́n máa ń sin mọ́ òkú kó lè ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ikú, nígbà tí àwọn èrò náà ò lè kà á. Àwòrán rẹ̀ ni. Ẹ wo èyí tí wọ́n ṣe fún Ani, akọ̀wé kan ní Íjíbítì àtijọ́, tó wà ní British Museum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù: ọkàn olóògbé wà lórí ìwọ̀n, ìyẹ́ kan tó dúró fún òtítọ́ wà lápá kejì, ẹranko olórí ọ̀nì sì ti dúró láti jẹ ọkàn tó bá kùnà. Ta ni ò ní dúró wò ó?

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwọn akọ̀wé ti máa ń kọ òmíràn sílẹ̀ fún títà, wọ́n á fi àyè orúkọ sílẹ̀ de ẹni tó máa rà á. Ikú dọ́gba, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń ra ìwé yẹn!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n pàtẹ rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń bà á jẹ́.