Oyún Rẹ̀ Ni, Ẹ Jẹ́ Kí Òun Sọ Ọ́

LẸ́TÀ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Máníjà ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Obìnrin kan ní ẹ̀ka ìtajà wa sọ fún mi pé òun ti lóyún lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tó ti ń wá ọmọ. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àgbà wá ń béèrè ìdí tí kò fi lọ Òkè-Ògùn mọ́. Kí ni kí n wí?

ÌDÁHÙN: A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Ẹ má sọ ọ́. Iṣẹ́ ló kan ọ̀gá àgbà, iṣẹ́ náà ni kí ẹ bá wọn sọ: "Mo ti pààrọ̀ iṣẹ́ láàrin wọn, sà. Ẹlòmíì ló ń lọ Ṣakí àti Ìsẹ́yìn báyìí." Kò sírọ́ ńbẹ̀. Ẹ má ní ara rẹ̀ ò yá, ẹ má sì fi wàhálà ilé bojú. Òun ni yóò máa jẹ́jọ́ irọ́ yẹn kiri. Bí wọ́n bá tẹpẹlẹ mọ́ ọn, ẹ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́ tó bá yá.

Àánú yín gan-an ló ń já mi láyà. Tí ẹ bá ṣàdédé ń fa àga fún un, tí ẹ ń gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ ń bi í lójú gbogbo èèyàn bóyá ó ti jẹun, àwọn obìnrin ọ́fíìsì yín á ti mọ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ má sì gbé e wá síbi àdúrà àárọ̀ Mọ́ńdè, kódà bí ẹ bá ní "arábìnrin wa kan" láìdárúkọ. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ti ń wo ikùn rẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe oyún náà, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ojú gbogbo wọn ni yóò tún máa kò lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀ yín.

Àsìkò sì wà. Nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ìwé dókítà pé ìbímọ lè wáyé láàrin ọ̀sẹ̀ 6 ni obìnrin fi ń gba ìsinmi. Lẹ́yìn ìbímọ, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 6. Bó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán, ìdajì owó rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ san. Ẹ wo ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ yín, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra gidi, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ sínú ímeèlì tàbí WhatsApp ọ́fíìsì.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi í irú iṣẹ́ tí dókítà ní kó yẹra fún, ìgbà tó fẹ́ kí ọ̀gá àgbà gbọ́, àti bóyá kí ẹ jọ lọ sọ ọ́. Bó bá ní ó di oṣù karùn-ún, ó di oṣù karùn-ún náà nìyẹn.